Ọ̀pá Ìdarí Bàálù: Ṣé Iye Bọ́tìnì Ni Kí N Wò?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹ okun o. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí mo ti ń ta aṣọ. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní SS2, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju pé òun yóò wa bàálù lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Abùjá fún un ní laptop, ó sì gbé FlightGear, eré kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ wíwa bàálù, sí i. Kíbọ́ọ̀dù ló fi ń wa bàálù inú rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń já a mọ́lẹ̀. Ó ní tí òun bá rí joystick, ìyẹn ọ̀pá ìdarí, yóò yàtọ̀. Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ látinú ọjà mi. Nígbà tí mo lọ sí Ìlọrin, wọ́n fi mẹ́ta hàn mí: ọ̀kan tuntun, Logitech Extreme 3D Pro, tó ní bọ́tìnì méjìlá; ọ̀kan tòkunbọ̀, Thrustmaster T.16000M, tí kò ní páálí mọ́. Àti ọ̀kan tó rí bíi sítíárìn ọkọ̀, tí owó rẹ̀ ju ti àwọn méjèèjì lọ. Ọmọ náà ní kí n ṣáà ra èyí tó bá ní bọ́tìnì jù. Èmi ò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Èwo ni kí n rà tí owó mi ò fi ní ṣòfò?
Ìyá aláṣọ, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Owó yín ò ní ṣòfò. Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ bọ́tìnì ná, kí ẹ béèrè ohun tó wà nínú ìdí ọ̀pá náà.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kàbà, àwọn ọ̀pá tí wọ́n ń gbé wá fún mi kì í sábà ní ìṣòro bọ́tìnì. Ìdí wọn ló ń ṣàìsàn. Ẹ wò ó, ohun kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ibi tí ọmọ tẹ ọ̀pá sí, kó sì máa sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀pá tí owó rẹ̀ ò pọ̀, potentiometer ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn: irin kékeré kan ń rìn lórí ojú káábọ̀nù, àwọn méjèèjì sì ń ha ara wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun gan-an ló wà lábẹ́ ibi tí a fi ń yí ohùn rédíò àtijọ́ sókè sódò. Ẹ rántí bó ṣe máa ń dún kráà-kráà tí a bá yí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀? Eruku ló wọ inú rẹ̀, ojú káábọ̀nù náà sì ti jẹ. Tó bá jẹ́ inú ọ̀pá ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ariwo kankan. Imú bàálù ni yóò máa ta sókè ta sódò nígbà tí ọmọ ò fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ wá ro ọyẹ́ ilẹ̀ wa mọ́ ọn, nígbà tí eruku ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì.

Oríṣi kejì ni Hall effect. Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1879. Ohun tó rí ni pé bí iná mànàmáná bá ń gba inú irin pẹlẹbẹ kọjá, tí a sì gbé òòfà sún mọ́ ọn, agbára iná díẹ̀ á yọ sí ẹ̀gbẹ́ irin náà, a sì lè wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pá irú èyí, òòfà ń yí bí ọwọ́ ṣe ń ti ọ̀pá, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń wọ̀n ọ́n láti òkèèrè díẹ̀. Wọn kì í kan ara wọn. Kò sí ohun tí yóò jẹ, eruku náà ò sì rí nǹkan kan bàjẹ́ níbẹ̀. Ohun tó wà nínú T.16000M nìyẹn, fún títẹ̀ síwá sẹ́yìn àti sósì sọ́tùn-ún. Nítorí náà, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi hàn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀. Àmọ́ ẹ má sanwó tí ẹ ò bá tíì dán an wò. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí eléyìí tó rí bíi sítíárìn. Yoke ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ohun burúkú o. Cessna 172, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ bàálù káàkiri ayé, yoke ló ní, Boeing 737 tí Air Peace ń gbé èrò pẹ̀lú ní i. Ṣùgbọ́n nínú bàálù, ẹsẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ló ń ti rudder, pákó tó dúró gbọnrangandan ní ìrù bàálù, tó ń yí imú rẹ̀ sósì tàbí sọ́tùn-ún. Ọ̀pá méjèèjì tí wọ́n fi hàn yín ṣeé lọ́ lọ́wọ́, lílọ́ yẹn ló sì ń gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣe. Yoke tí wọ́n ń tà fún ilé kì í sábà ní irú rẹ̀. Bí ẹ bá rà á lónìí, kò ní pẹ́ tí ọmọ yóò fi padà wá sọ pé òun nílò pẹ́dàlì. Owó méjì nìyẹn. Ó tún ń fẹ́ tábìlì tó nípọn tí wọ́n máa de é mọ́, tábìlì oníke tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ò lè gbà á.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀pá kì í ṣe ohun ìdarí bàálù gidi. Airbus A320, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 1988, ọ̀pá kékeré ni wọ́n fi ń wà á, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló sì wà. Diamond DA40, bàálù ìkẹ́kọ̀ọ́ tó gbajúmọ̀, ọ̀pá ló wà láàárín orúnkún awakọ̀ rẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan tí ẹ ò sọ̀rọ̀ rẹ̀: ọwọ́ wo ni ọmọ ń lò? Bí ọlọ́wọ́ òsì bá ni, Extreme 3D Pro kò ní bá a lára mu, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. T.16000M ṣeé tò fún ọwọ́ méjèèjì. Kódà bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá ni, tó bá ń lálàá Airbus, kí ó tètè fi ọwọ́ òsì kọ́ ọ, nítorí ọ̀gá awakọ̀ máa ń jókòó sí apá òsì, ọwọ́ òsì ló sì fi ń di ọ̀pá mú.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé, inú mi á sì dùn gan-an bí ẹ bá ṣe é láìfo ìkankan. Ẹ mú ọmọ dání lọ sí Ìlọrin, kí ó gbé laptop rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ó ki okùn ọ̀pá bọ ojú USB, kí ó tẹ bọ́tìnì Windows àti R pa pọ̀, kí ó kọ joy.cpl, kí ó wá tẹ Enter. Orúkọ ọ̀pá náà á jáde. Kí ó yàn án, kí ó tẹ Properties. Yóò rí àpótí kan tí àmì àgbélébùú kékeré wà nínú rẹ̀. Tó bá tú ọwọ́ sílẹ̀, àmì náà gbọ́dọ̀ padà sí àárín, kó dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Tó bá ń ti ọ̀pá lọ sí igun jẹ́jẹ́, àmì náà gbọ́dọ̀ máa bá a lọ jẹ́jẹ́, kò gbọdọ̀ fò. Lẹ́yìn náà, kí ó wá lọ́ ọ̀pá sósì sọ́tùn-ún, kí ó sì fara balẹ̀ ṣe èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí pé lílọ́ T.16000M, potentiometer ló ń ṣe é. Ọ̀pá tòkunbọ̀ tó ti rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Kí ó tẹ gbogbo bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, iná nọ́ńbà rẹ̀ á tàn lójú kọ̀ǹpútà.

Bí ó bá yege, ẹ sanwó, kí ẹ gbé e lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Bí ó bá ń fò, tàbí tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí ẹ dán an wò, ẹ ra Extreme 3D Pro tuntun yẹn. Ọ̀pá tó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni: ó ṣeé lọ́, throttle tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì ní agbára wà ní ìdí rẹ̀, ibi tí àtàǹpàkò fi ń wo ọ̀tún àti òsì sì wà lórí rẹ̀. Bọ́tìnì méjìlá rẹ̀ ti tó. Ohun tí bàálù kékeré ń fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kò ju bíréèkì, flaps (pákó ẹ̀yìn apá bàálù tí a ń rọ̀ sílẹ̀ kó lè fò láìsáré púpọ̀) àti trim (ohun tó ń bá ènìyàn di imú bàálù mú síbi tó fẹ́) lọ, àwọn yòókù wà ní kíbọ́ọ̀dù.

Àti pé, bí wọ́n bá gbé ọ̀pá àtijọ́ kan jáde fún yín, tí ẹnu okùn rẹ̀ fẹ̀, tí abẹ́rẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì tò sí i ní ìlà méjì, ẹ má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Kò sí ibi tí yóò wọ̀ lára laptop òde òní.

Ọ̀rọ̀ iná kò kan ọ̀pá, agbára bíńtín tó ń fà láti ara laptop kò tó nǹkan. Eruku ni kí ẹ bá a ṣọ́. Kí ó máa fi aṣọ bò ó tó bá ti ṣe tán, kí ó sì fi síkúrù kan ìdí rẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ tí yóò gbé lé itan, kó má baà máa yọ̀ kiri.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó kọ́ ṣáájú ohunkóhun ni trim. Sípíríìnì inú ọ̀pá ń fà á padà sí àárín nígbà gbogbo, ọmọ tí kò bá mọ trim á máa bá a jà títí ọwọ́ á fi ro ó. Kí ó di imú bàálù mú síbi tó fẹ́, kí ó máa yí trim díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa dẹ ọwọ́ bó ṣe ń yí i, títí ọ̀pá á fi padà sí àárín tí bàálù ò sì yẹsẹ̀. Kí ó gbéra ní Àkúrẹ́, kí ó kọrí sí Abùjá. Ìlà tààrà láàárín ìlú méjèèjì gba ìtòsí Kàbà wa yìí kọjá, kí ó tó sọdá Odò Ọya. Nínú Cessna, ìrìn náà á ju wákàtí kan lọ. Ọmọ tó bá lè dé Abùjá láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ń ro ó ti mọ nǹkan gidi, mo sì máa fẹ́ kí ó kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ yẹn.

Màmá, wákàtí tó bá lò nídìí ọ̀pá yìí kò ní wọ inú ìwé àṣẹ awakọ̀ o. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ bàálù wà ní Zaria láti 1964, òmíràn sì wà ní Ìlọrin níbẹ̀. Ẹ bá a tẹnu mọ́ Ìṣirò, Físíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ra Extreme 3D Pro lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbéra nínú Cessna 172, bàálù á máa fà sósì títí tí yóò fi wọ inú koríko. Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀pá òun ò ní ìṣòro kankan. Ṣé ó rẹ́ mi jẹ ni?
Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ìyàrá

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má tíì bá ọ̀rẹ́ rẹ jà. Ṣí joy.cpl tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá lókè yìí, kí o má fọwọ́ kan ọ̀pá, kí o wo àmì àgbélébùú náà àti ìlà tó ń fi lílọ́ hàn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti yẹ̀ kúrò ní àárín, ọ̀pá ló fà á. Lọ sí Settings níbẹ̀, tẹ Calibrate, ṣe ohun tó bá ní kí o ṣe, kí o sì fi deadzone díẹ̀ sí i nínú eré náà, ìyẹn àyè kékeré ní àárín tí eré náà kò ní ka mímì ọ̀pá sí. Bí ó bá ṣì ń fò lẹ́yìn ìyẹn, contact cleaner, oògùn tí a fi ń fọ ojú iná inú ẹ̀rọ, ni kí wọ́n fi fọ inú rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da òróró ẹ́ńjìnnì tàbí kẹrosíìnì sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò ni pé wàá bá àmì náà ní àárín. Nígbà náà, kò sí ohun tó ṣe ọ̀pá, bàálù náà ló ń hùwà bí bàálù gidi. Tí o bá wà nínú Cessna tí o ń wo iwájú, abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀ ń yí láti òsì gba òkè lọ sí ọ̀tún. Atẹ́gùn tó ń tú dà sẹ́yìn ń lọ́ yí ara bàálù ká, ó sì ń ti ìrù rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Agbára yíyí ẹ́ńjìnnì náà tún ń tẹ táyà òsì mọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń fa imú sósì, ó sì ń le jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ tí eré ò tíì pọ̀, ìyẹn ìgbà tí o bá fẹ́ gbéra gan-an. FlightGear ní ètò kan tó ń bá ènìyàn darí rudder fúnra rẹ̀. Pa á. Ohun tó yẹ kí ọwọ́ rẹ kọ́ ló ń bá ọ ṣe.

Má ti throttle lọ sí òkè pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Tì í díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa lọ́ ọ̀pá sí ọ̀tún bó ṣe ń lọ sókè. Ojú rẹ kò gbọdọ̀ wà lórí imú bàálù, ìparí ojú ọ̀nà ni kí o máa wò, ibẹ̀ lo ti máa tètè rí i tó bá fẹ́ yẹ̀. Tí eré bàálù bá tó nǹkan bíi 55 knots (ìwọ̀n tí a fi ń ka eré bàálù), fa ọ̀pá sẹ́yìn jẹ́jẹ́, kí o má sì tú lílọ́ ọ̀tún yẹn sílẹ̀ títí wàá fi dín agbára ẹ́ńjìnnì kù lókè.