Ọkọ̀ tí wọn ò ṣe mọ́: ṣé kí n ra Acura TL Type-S yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Òṣogbo ni mò ń gbé. Ọkùnrin kan ní Ìbàdàn fẹ́ ta Acura TL Type-S ọdún 2008, ó sì ti pẹ́ tí ọkọ̀ yìí ti ń wù mí. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n má dán an wò, pé wọn ò ṣe é mọ́, pé bí nǹkan bá bàjẹ́ lára rẹ̀ mi ò ní rí páàtì rà. Àbúrò mi ní tiẹ̀ sọ pé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣáà ti dáa, kí n gbé e, pé bọ́dì kì í ṣe ìṣòro. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Níbo sì ni wọ́n ti ń rí páàtì rẹ̀?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì ló mú ọ̀rọ̀ náà lódìlódì. Páàtì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí kún ọjà. Bọ́dì àti àwọn nǹkan tí wọ́n ṣe fún Type-S nìkan ló ń dá èèyàn lágara. Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn, ẹ yí ọkọ̀ náà po dáadáa kí ẹ tó ní kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Acura ni orúkọ tí Honda fi ń ta àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tó wọ́n ní Amẹ́ríkà láti 1986. TL tí à ń sọ yìí, ti 2004 sí 2008, Marysville ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti ṣe é, ìpìlẹ̀ kan náà sì ni òun àti Accord ti 2003 sí 2007, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní End of Discussion àti Discussion Continues. Nínú irú TL yìí, Type-S, èyí tó lágbára jù, jáde ní 2007 àti 2008 nìkan. Ẹ́ńjìnnì V6 oní-lítà 3.5 ló wà nínú rẹ̀, họ́ọ̀sì páwà 286, pẹ̀lú bíréèkì Brembo níwájú àti ẹnu sàlẹ́ńsà mẹ́rin lẹ́yìn. Orúkọ TL fúnra rẹ̀ parí pẹ̀lú ti 2014, TLX ló gba ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà páàtì Honda, torí òun ló máa gbà yín lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ pé kò sí páàtì. Ọ̀nà mẹ́ta ni nọ́ńbà náà pín sí, méjì àkọ́kọ́ ló kàn wá. Nọ́ńbà márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí páàtì náà jẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta tó wà láàárín ń sọ ọkọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ẹ wo táímìn bẹ́líìtì: 14400-RCA-A01. Bẹ́líìtì yìí kan náà ni Accord V6 ti 2003 sí 2007 ń lò. Tí ẹ bá rí SDA láàárín nọ́ńbà, ti Accord ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí ẹ bá rí SEP, ti TL nìkan ni, ẹ sì ní láti wá a gidi. Àwọn oníṣòwò Acura ní Amẹ́ríkà ní kátálọ́ọ̀gù lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè tẹ VIN ọkọ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, sí. Yóò yọ àwòrán gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ jáde pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀.

Tí ẹ bá ti ní nọ́ńbà yẹn, Àràròmí ní Gate, Ìbàdàn, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó ronú Ládípọ̀ ní Múṣin. Ẹ mú páàtì tó bàjẹ́ dání. Ẹ béèrè ti Accord V6, ẹ má dárúkọ Acura rárá, torí bí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, owó rẹ̀ ti lé. Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn páàtì àlòkù láti òkè òkun, dáa fún irin àti fún ẹ̀yà iná. Fún róbà, bẹ́líìtì àti ohunkóhun tó ń dá ọkọ̀ dúró, tuntun ni kí ẹ rà.

Nípa ẹ́ńjìnnì, táímìn bẹ́líìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Honda ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tí ọkọ̀ bá rin máìlì 105,000 tàbí tí ó bá pé ọdún méje, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Bí ó bá já lórí eré, fáàfù á gbá písítìn, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́. Ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ, tí kò bá ti ní rìsíìtì lọ́wọ́, ẹ ka owó bẹ́líìtì, wọ́tà pọ́ńpù àti tẹ́ńṣọ́nà mọ́ owó ọkọ̀ náà.

Ohun kejì ni sítíárìn. Bí ẹ bá sítáàtì ọkọ̀ láàárọ̀ tí ẹ gbọ́ tí ó ń hun nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárìn, ẹ ṣí ike tí wọ́n ń da ọ́ìlì rẹ̀ sí. Bí ọ́ìlì náà bá ń hó bí omi ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní kí ẹ lọ ra pọ́ńpù. Lọ́pọ̀ ìgbà, róbà róbótó kékeré kan níbi tí ọ́ọ̀sì ti wọnú pọ́ńpù ló ti gan, nọ́ńbà rẹ̀ ni 91345-RDA-A01, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pọ́ńpù. Ẹ pààrọ̀ róbà yẹn ná, kí ẹ sì da ọ́ìlì sítíárìn ti Honda sí i, kì í ṣe ọ́ìlì jíà lásán. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: ní 2012, Honda pe àwọn TL 2007 àti 2008 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ọ́ọ̀sì sítíárìn tó lè jò, tí ọ́ìlì rẹ̀ sì lè fa iná. Ọkọ̀ tó bá ti wọ Nàìjíríà ṣáájú ìgbà yẹn lè má rí àtúnṣe náà gbà. Ẹ tẹ VIN rẹ̀ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, ẹ ó rí bóyá ó ṣì kù.

Jíà aláìfọwọ́yí rẹ̀ máa ń fò díẹ̀ tí ọ́ìlì bá ti gbó. Ọ́ìlì Honda DW-1 ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n sì tú èyí tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n da tuntun sí i, kí wọ́n má fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́.

Bátìrì tó ń kú mọ́jú náà wọ́pọ̀ lára TL yìí. Àpótí kékeré kan wà lókè orí awakọ̀, lẹ́yìn iná tí wọ́n fi ń kàwé, òun ló ń jẹ́ kí fóònù bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Tí ó bá bàjẹ́, kì í sùn mọ́, òru mọ́jú ni yóò máa fa iná bátìrì. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti dúró fún wákàtí bíi mélòó kan níbi tí oòrùn kò dé, ẹ fọwọ́ kan ibẹ̀. Bí ó bá gbóná, ẹ ní kí ríwáyà yọ wáyà rẹ̀ jáde. Mo ti rí àwọn tó ra bátìrì lé bátìrì nítorí àpótí yìí.

Ó wá ku àwọn ohun tí owó nìkan kò tó láti rà. Bọ́ńpà iwájú àti ti ẹ̀yìn, àga, mítà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, rímù: ti Type-S dá yàtọ̀. Bọ́ńpà TL lásán á wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Type-S mọ́. Dáṣíbọ́ọ̀dù wọn tún máa ń sán nínú oòrùn, kì í sì í ṣe àtúnṣe tó máa ń dára lójú. Ọjọ́ orí ọkọ̀ yìí ti kọjá èyí tí Kọ́sítọ́ọ̀mù gbà láàyè fún tòkunbọ̀, nítorí náà a kò lè máa retí pé kí òmíràn wọlé tí wọ́n á tú tà. Tí ẹ bá ní ẹbí ní Houston tàbí Atlanta, ẹ jẹ́ kó bá yín wá a ní ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ní ìjàǹbá, tàbí lórí eBay. Bọ́ńpà tóbi, owó àtifiránṣẹ́ rẹ̀ sì lè ju owó rẹ̀ lọ. Páàdì Brembo kò tilẹ̀ ṣòro rí: èyí tó bá wọ Brembo iwájú Nissan 350Z tàbí Subaru WRX STI á wọ ọ́.

Ẹ rí i dájú pé Type-S ni lóòótọ́, torí àwọn kan máa ń lẹ àmì mọ́ TL lásán. VIN Type-S oníjíà aláìfọwọ́yí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 19UUA76, ti onífọwọ́yí pẹ̀lú 19UUA75. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú: J35A8 ló yẹ kí ẹ rí. Bí ẹ bá rí J32A3, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí ti TL lásán, á rìn o, àmọ́ kì í ṣe owó Type-S ni ẹ máa san. Ẹ gba ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ kí ẹ sì kà á, pàápàá bí ó bá wọlé lẹ́yìn January 2017, ìgbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé.

Bẹntiróòlù tó dára ju èyí tí à ń rà nílùú lọ ni wọ́n ní kí ẹ́ńjìnnì yìí máa mu. Á mu tiwa náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á dín agbára kù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé gbogbo 286 yẹn ni ẹ ó rí lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Ìbàdàn.

Èrò tèmi: bí bọ́dì bá pé, tí bọ́ńpà méjèèjì, àga àti iná iwájú bá wà bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ rà á, kódà bí sítíárìn bá ń hun tí jíà sì ń fò díẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀nyẹn dín owó rẹ̀ kù. Bí bọ́ńpà iwájú bá ti lọ tí wọ́n sì fi ti TL lásán dípò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ, ẹ dúró de òmíràn. Kí ẹ tó san owó, ẹ fi VIN rẹ̀ àti fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti dáṣíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín wò ó.