Ọlọ́run lè pè ọ́, ṣùgbọ́n má tíì lọ jẹ́wọ́ fún pásítọ̀

Àbúrò mi, o ní ṣé Ọlọ́run lè pe ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin sẹ́nu iṣẹ́ ìránṣẹ́, àti ṣé kí o lọ jẹ́wọ́ ara rẹ fún pásítọ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè pè ọ́. Ti pásítọ̀, jọ̀wọ́, dúró ná.

Nígbà tí mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ni mo sọ fún pásítọ̀ tèmi pé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá mi ti gbọ́, gbogbo alàgbà ti gbọ́. Wọ́n gbé mi lọ sórí òkè, wọ́n ní kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Wòlíì ń da òróró sí mi lórí, ó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ nà mí lẹ́yìn, ó ń pàṣẹ fún ẹ̀mí obìnrin pé kó jáde. Òùngbẹ gbẹ mí títí ahọ́n mi fi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Mo sọ̀ kalẹ̀ tán, ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ kò yí padà. Ìgbàgbọ́ mi náà kò sì kúrò: mo ṣì ń jí ní ìdájí gbàdúrà, orin ìyìn ṣì ń sọ lọ́kàn mi. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé méjèèjì kò lè gbé inú ènìyàn kan.

Jide Macaulay ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mi ò dá wà. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni, ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Macaulay tó dá ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì sílẹ̀ l'Ékòó. Ó ti gbéyàwó, ó ti bímọ, kó tó gbà fún ara rẹ̀ irú ẹni tí òun jẹ́. Lọ́dún 2006, ó dá ìjọ House of Rainbow sílẹ̀ l'Ékòó fún irú wa. Nígbà tó di 2008, àwọn ìwé ìròyìn tú wọn síta, àwọn ènìyàn ń lu àwọn ọmọ ìjọ, òun fúnra rẹ̀ sì ní láti sá padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́dún 2013, Ìjọ Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ díákónì.

Òfin ti le sí i lẹ́yìn tó lọ. Èyí tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní January 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó akọ sí akọ, ọdún 10 sórí ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó ń bá wọn kópa. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o dúró.

Ka ọ̀rọ̀ àwọn ìwẹ̀fà, ìyẹn àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, nínú Bíbélì. Deuteronomi 23 ní kí irú wọn má wọ inú ìjọ Olúwa. Aísáyà 56 ṣèlérí orúkọ tó sàn ju ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ fún wọn. Nígbà tó wá di Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8, ìwẹ̀fà ará Etiópíà rí omi lójú ọ̀nà, ó bi Fílípì pé kí ló kù tí òun ò fi ní ṣèrìbọmi. Fílípì kò ní kó kọ́kọ́ lọ sórí òkè. Àwọn méjèèjì jọ wọnú omi ni. Ìwé yẹn gbé mi ró ju ìwàásù èyíkéyìí lọ.

Ẹni tí o kò mọ̀ rí, tó bá ní òun náà rí bẹ́ẹ̀, tó ní kí o wá bá òun nílé, má lọ. Kító, ìyẹn pàkúté tí àwọn oníjìbìtì ń dẹ fún irú wa, ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀: wọ́n á lù ọ́, wọ́n á gba fóònù àti owó rẹ. Ilé bàbá rẹ lo sì ṣì ń gbé. Wá iṣẹ́, gba yàrá tìrẹ, ní ẹnì kan ṣoṣo tí o lè sá tọ̀, kí o tó la ẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ.