Gèèmù tí kì í ṣí: àbúrò, yéé ṣa DLL kiri

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Gèèmù bọ́ọ̀lù tí mo gbé sórí láptọ́ọ̀pù mi kì í ṣí. Ó kọ́kọ́ ń sọ pé VCRUNTIME140.dll ò sí, mo bá lọ dáwúnlóòdù ẹ̀, mo jù ú sínú System32 bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Ní báyìí 0xc000007b ló ń gbé wá. Bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní RAM mi ló kéré, 8GB ni. Ṣé kí n ra kún un, àbí ibòmíì wà tí mo ti lè rí DLL tó dáa?

Ìdáhùn: RAM kọ́. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kó o tó lọ náwó. 0xc000007b yẹn ò bá RAM tan, ohun tí Windows ń sọ fún ẹ ni pé fáìlì kan tí gèèmù pè, irú èyí tó ń retí kọ́ ló jẹ́ ẹ. Ta ló wá gbé fáìlì ọ̀hún síbẹ̀? Ìwọ náà mà ni.

Mi ò bú ẹ o, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé irú ẹ̀ wá bá mi. Àwọn tó ń pín DLL lẹ́yọ lẹ́yọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń bí mi nínú. Bí àwọn tó ń ta oògùn nínú mólúè ni wọ́n rí, ìgò kan ṣoṣo á wo lápálápá, á wo jẹ̀díjẹ̀dí, á tún wo ẹ̀yìn ríro, o ò sì mọ ẹni tó sè é tàbí ohun tó fi sè é. Nígbà míì fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú ẹ̀, ìwọ lo sì fọwọ́ ara ẹ gbé e wọ inú fódà tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀rọ ẹ.

Ohun tí DLL jẹ́ rèé, fáìlì irinṣẹ́ tí gèèmù ń pè lò ni. Àwọn tó ń ṣe gèèmù kì í rọ gbogbo irinṣẹ́ fúnra wọn, wọ́n máa ń yá ti Microsoft lò, VCRUNTIME140 àti MSVCP140 wà lára irinṣẹ́ yẹn, inú àpò kan náà ni wọ́n jọ wà. Tó o bá yọ ẹyọ kan wá, ìkejì á ní òun náà ò sí, wàá tún lọ wá ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tó tún wá burú ni pé oríṣi méjì ló wà, ti 32-bit àti ti 64-bit, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Lórí Windows 64-bit, inú System32 ni ti 64-bit ń gbé, ti 32-bit wá ń gbé inú SysWOW64 (bẹ́ẹ̀ ni, òdì ni wọ́n sọ ọ́, mi ò mọ̀ sí i). Ó jọ pé ti 32-bit lo jù sínú System32. Spánà 12 ò lè tú nọ́ọ̀tì 13, ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Yọ fáìlì tó o fi síbẹ̀ kúrò, ìyẹn nìkan o, má fọwọ́ kan nǹkan míì nínú System32, tó ò bá dá a mọ̀ dáadáa fi í sílẹ̀ ká má lọ sọ pé èmi ni mo ní kó o pa Windows. Lẹ́yìn náà lọ sọ́dọ̀ Microsoft fúnra wọn, wá Visual C++ Redistributable ti 2015 lọ sókè, ìyẹn àpò irinṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mú x64 (ti 64-bit) àti x86 (ti 32-bit), méjèèjì o, ọ̀fẹ́ ni, àpapọ̀ wọn ò tó 50MB. Tó bá ní òun ti wà níbẹ̀, tẹ Repair. Pa ẹ̀rọ ẹ, kó o tún un tàn. Tó bá ṣì ń ṣe bákan, ṣí Command Prompt bí administrator, tẹ sfc /scannow, òun ló ń yẹ àwọn fáìlì Windows wò tó sì ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, kó o jẹ́ kó parí. Tó bá jẹ́ d3dx9_43.dll tàbí XINPUT1_3.dll ni gèèmù míì ń bèèrè, ìyẹn yàtọ̀, DirectX ti June 2010 ni wàá gbé, ìyẹn irinṣẹ́ tí gèèmù fi ń gbé àwòrán àti ohùn jáde, ọ̀dọ̀ Microsoft náà ni.

Ní ti RAM, 8GB lè kéré fún gèèmù tuntun lóòótọ́, àmọ́ kọ́kọ́ tẹ dxdiag sínú Start kó o wo ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú ẹ̀rọ ẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní graphics. Tó bá jẹ́ Intel HD 3000 ló wà níbẹ̀, irú èyí tó pọ̀ lára tòkunbọ̀ ọdún 2011, DirectX 10.1 ló mọ, gèèmù tó bá ní dandan DirectX 11 lòun ń fẹ́ ò ní ṣí lórí ẹ̀ láéláé, ò báà ra RAM kún àpò.

Ṣé inú flash ọ̀rẹ́ lo ti kó gèèmù náà? O ò sọ, mo kàn ń fura ni. Irú wọn sábà máa ń ní steam_api64.dll (fáìlì tí gèèmù fi ń bá Steam, ìsọ̀ gèèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, sọ̀rọ̀) tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, antivirus á gbá a mú, gèèmù á kú. Ìwé ìtọ́ni inú ẹ̀ á wá ní kó o pa antivirus. Má pa á. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí irú gèèmù bẹ́ẹ̀.

Tó bá tún wá ń pòórá láìsọ nǹkan kan, ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, Windows Logs, Application, wá Error pupa tó bá àkókò tó kú mu, wo ibi tí wọ́n kọ Faulting module name sí, ìyẹn orúkọ fáìlì tí gèèmù kú sí nínú. Tó bá fi nv bẹ̀rẹ̀, dráíbà NVIDIA, ìyẹn ètò tó ń darí graphics NVIDIA, ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Orúkọ yẹn ni kó o fi ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe fọ́tò láptọ́ọ̀pù tó ti kú.