Ẹ̀kọ yangan kì í ṣe ẹ̀kọ ìyangàn

Ẹnìkan béèrè ìtumọ̀ ohun tó wà nínú oríkì wa: “Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan.” Inú ń bí mi kí n tó dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ tí atọ́kùn ètò kan lórí rédíò ń sọ pé ìyangàn ni “yangan” yẹn, pé àwa ará ìlú yìí a máa fi oúnjẹ yangàn. Háà! Ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra rárá. Àgbàdo ni yangan lẹ́nu àwa ará Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí kò ní í béèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: kí ló dé tí oríkì kò fi sọ pé “kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ,” kó parí síbẹ̀? Mo ti rò ó títí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló bá a mu. Ẹ̀kọ mìíràn ti wà ṣáájú, ẹ̀kọ bàbà. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkà bàbà. Yangan ní tirẹ̀, Mẹ́síkò ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, láti ara koríko igbó kan tí kóró rẹ̀ kéré, tí èèpo rẹ̀ sì le koko. Ẹ̀yìn 1492, ọdún tí Kòlọ́ḿbọ́ọ̀sì dé Amẹ́ríkà, ni ọkọ̀ òkun tó gbé e dé etíkun wa. Ọ̀rúndún 17 ni Ògúnlọlá sì tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Àlejò ni yangan ṣì jẹ́ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dárúkọ rẹ̀.

Ọkà tó ṣíwájú nínú oríkì ńkọ́? Àmàlà ni, èlùbọ́ iṣu ni wọ́n fi ń rò ó, iṣu sì ni onílé. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí ni iṣu funfun ti ṣẹ̀, láti ara iṣu igbó. Àwọn àgbẹ̀ Nàgó, ìbátan wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a máa wa irú iṣu igbó bẹ́ẹ̀ wá sóko, wọn a máa gbìn ín lọ́dọọdún títí yóò fi di iṣu ilé. Ọ̀nà tí oríṣi tuntun ń gbà wọlé nìyẹn, torí èèbù là ń gbìn, ohun tí èèbù bá sì bí, bí ìyá rẹ̀ ló ṣe máa rí.

Àwọn àgbà ní, “Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú.” Iṣu gba ìjókòó méjì níwájú, yangan gba méjì lẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà ni. Èmi kò gbà. Ètò ìjókòó onílé àti àlejò ni.

Ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà àti ata, Amẹ́ríkà náà ni (àtaare àti iyèré ni tiwa látijọ́). Ewùrà àti máńgòrò wá láti Éṣíà. Ẹ̀wà, tiwa ni.

Ìyá àgbà mi kì í ra iṣu lọ́jà Wáàsò láìpe orúkọ rẹ̀. Á fọwọ́ ra á lára, á ní: amúlà nìyí, ẹ gbé e lọ sí odó, lásìrìn nìyí, efùrù nìyẹn. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi iṣu ló wà ní ìpamọ́ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA n'Íbàdàn, àwa tí a ni wọ́n kò sì lè ka márùn-ún. Lóṣù tó kọjá, mo bi ọmọbìnrin kan tó ń ta iṣu léèrè irú èyí tó kó sílẹ̀. Ó ní, “Iṣu ni, bàbá.”

Mo gbé ọ̀kan, mo yí i wò. Amúlà ni.