Ọ̀rá ìtọ̀ ń bẹ lára mi, ṣé kí n máa kírun?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aláékúmù, Àfáà. Ẹni ọdún 63 ni mí. Jẹjẹrẹ mú ilé ìtọ̀ mi, wọ́n yọ ọ́ tòun ti ilé ọmọ, inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn mi ni ìtọ̀ ń dà sí. Ní báyìí, bí mo bá dúró pẹ́, nǹkan á máa yọ lójú ara mi. Dókítà ní ìfun ló ń sọ̀ wálẹ̀, pé òun máa fi iṣẹ́ abẹ tún un ṣe. Ọkùnrin ni dókítà náà. Mi ò kírun mọ́ láti ọjọ́ tí ọ̀rá yìí ti dé ara mi.

ÌDÁHÙN: Wa aláékúmù sàláámù, ìyá wa. Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà.

Ìrun ló ká mi lára jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ má dúró de iṣẹ́ abẹ kankan. Fátímà ọmọ Abú Hubáíṣì bi Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) pé ẹ̀jẹ̀ kì í dá lára òun, ṣé kí òun fi ìrun sílẹ̀? Ànábì ní rárá, ẹ̀jẹ̀ iṣan ni yẹn, kì í ṣe nǹkan oṣù. Hádíìsì Búkhárì ni. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mú ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè dá ìtọ̀ dúró. Bí àkókò ìrun bá wọlé, ẹ da ọ̀rá yẹn nù, ẹ fọwọ́ kan etí rẹ̀ bóyá ó ń jò, ẹ fọ ibi tó bá tutù, ẹ ṣe àlùwàlá. Bí ìtọ̀ bá ń ṣẹ́ sínú rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń kírun, ẹ má wò ó. Àwọn Màlíkì, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń tẹ̀lé ìlànà Ìmáàmù Màlíkì, tiẹ̀ ní irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ba àlùwàlá jẹ́. Àwọn ìrun tí ẹ ò kí sẹ́yìn, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.

Bí ìdúró bá ń fà á jáde, ẹ jókòó kírun. Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe Ìmúránì ọmọ Húsáínì tí Ànábì fi ní kó kírun lórí ìdúró, bí kò bá lè ṣe é, kó jókòó, bí kò bá tún lè ṣe é, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ní ti dókítà, ẹ kọ́kọ́ wá obìnrin tó mọ iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí, ọkùnrin lè ṣe é, kí wọ́n má ṣí ju ibi tí iṣẹ́ wà lọ, kí nọ́ọ̀sì obìnrin sì wà níbẹ̀. Ṣebí àwọn obìnrin ń tọ́jú ọkùnrin tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun láyé Ànábì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ẹ̀ṣẹ̀ tàbí àsàsí wò ó: níbi tí wọ́n ti yọ ilé ìtọ̀, ohun tó gbé ìfun dúró ló bá a lọ.

Ẹ bi dókítà ní ohun kan: ṣé ó máa rán ojú ara pa ni, àbí ó máa gbé e sókè lásán? Bó bá rán an pa, ìbálòpọ̀ parí nìyẹn. Bí baba, ọkọ yín, bá wà láyé, ẹ jọ sọ ọ́ kí ẹ tó buwọ́ lùwé.