Jẹ́ kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá ọ ní Salvador

Àbúrò, o ní ọjọ́ mẹ́rin péré lo máa lò ní Salvador ti Bahia ní Brazil, pé ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà, kí o ya fọ́tò, kí o sì máa bá tìrẹ lọ sí etí òkun. O wá ń bèèrè bóyá ìyẹn tó. Kò tó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ síbẹ̀, owó ìrìn àjò àkọ́kọ́ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ owó tí mo dà sómi, nítorí irú ìmọ̀ràn yìí náà ni wọ́n fún mi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Àgùdà ni ìyá tó bí ìyá mi, Pópó Àgùdà ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà, orúkọ àwọn baba wa tó ti Brazil padà dé ni ẹ ń dá. Tó bá di Fráídè Rere, frejon là ń jẹ nílé, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àgbọn sè. (Wọ́n ń se irú rẹ̀ ní Bahia ní ọ̀sẹ̀ yẹn títí dòní, feijão de leite ni wọ́n ń pè é.) Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ ń lọ, mo rò pé ilé ni mò ń lọ, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan. Mo dé ní Ọjọ́rú, mo kúrò ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Wo ọjọ́ méjèèjì yẹn dáadáa, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Pelourinho ni wọ́n ń pe àdúgbò àtijọ́ náà. Òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ tí wọ́n fi ń nà án lẹ́gba ní gbangba ni ìtumọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí ọ̀dà ara àwọn ilé ibẹ̀ dán tó. Láti 1985 ni UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Bí mo ṣe gun òkè débẹ̀ ni arákùnrin kan gbá mi mú, ó ní amọ̀nà lòun, a dúnàádúrà, ó mú mi lọ sí São Francisco, èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wí. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó wú mi lórí. 1708 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Igi ni wọ́n gbẹ́ látòkè délẹ̀, ewé, ẹyẹ, èso àjàrà, áńgẹ́lì ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n wá fi wúrà lẹ gbogbo ẹ̀, kò kù síbì kan tí ojú lè sinmi lé. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà a ti jáde, amọ̀nà mi ti ń tì mí wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀gbà ọrùn. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, a kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ara rẹ̀ dà bí àwọ̀ sánmà. Mo ní èwo nìyí. Ó ní, "Ìyẹn kéré, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀." Mo gbà á gbọ́, mo kọjá.

Kí n tó tẹ̀ síwájú: ní ọjọ́ 5 oṣù Fẹ́búárì 2025, apá kan àjà São Francisco já lulẹ̀, ó pa ọ̀dọ́bìnrin kan tó wá wò ó, ó sì ṣe àwọn mìíràn léṣe, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa. Bèèrè bóyá wọ́n ti ṣí i kí o tó fi í sínú ètò rẹ rárá.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ sánmà tí mo kọjá yẹn, Nossa Senhora do Rosário dos Pretos lorúkọ rẹ̀, Ìyá Wa ti Ròsárì ti àwọn ènìyàn dúdú. Odindi ọdún mélòó kan ni mo fi kàbámọ̀, torí ilé ni mo padà dé kí n tó kà nípa rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dúdú inú ìjọ ló ni ín, irmandade ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. 1685 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, 1704 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ olówó wọn ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ráyè tán ni wọ́n ń wá ru òkúta tiwọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ọdún kí wọ́n tó parí ẹ̀. Fi ojú àjọ wo ẹgbẹ́ náà, yóò yé ọ kíákíá: wọ́n ń dáwó, wọ́n ń fi sin òkú ara wọn bó ti yẹ kí wọ́n sin ènìyàn, wọ́n sì ń fi ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti ra ara rẹ̀ padà.

Àwọn amọ̀nà kan wà, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé Nàìjíríà lo ti wá, wọn á ní Yorùbá ló kọ́ ọ. Má dá wọn lóhùn. Àwọn ará Àǹgólà àti àwọn dúdú tí wọ́n bí sí Brazil ló di ẹgbẹ́ náà mú níbẹ̀rẹ̀. Àwa tí wọ́n ń pè ní Nagô, ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún wọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń fọ́ tí ogun gba ilẹ̀ wa kan, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wa débẹ̀. A bá ilé nílẹ̀ ni.

Ní ìrìn àjò kejì, mo kọ́kọ́ wá ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí kàlẹ́ńdà kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ṣe Mísà onílù ní Rosário, aago mẹ́fà. Mo débẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀, díẹ̀ ló kù kí n má ríbi jókòó. Mo há ara mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo rò pé dùùrù ni mo máa gbọ́, ìlù ló sọ̀rọ̀: atabaque, ìlù gígùn tí wọ́n ń fọwọ́ lù, àti agogo, tí àwọn náà ń pè ní agogô, wọ́n kàn fa ìparí ẹ̀ ni. Nígbà tó kan ọrẹ, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì láti ẹnu ọ̀nà, wọn ò rìn, wọ́n ń jó bọ̀ níwájú pẹpẹ ni, ẹsẹ̀ méjì síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, èjìká ń dáhùn, gẹ́lẹ́ bí àwọn ìyá ìjọ ṣe ń jó bọ̀ lọ́jọ́ ìkórè nílé.

Mo yọ fóònù mi.

Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aṣọ funfun, gèlè funfun. Kò wo ojú mi, kò sọ̀rọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé fóònù náà, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ó fi kan itan mi, ó sì fi ọwọ́ náà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ojú gbà mí tì. Gbogbo àwòrán tí mo ní nínú Mísà yẹn kò ju ọ̀kan lọ, ó sì rú. Nígbà tí wọ́n ń pín búrẹ́dì tí wọ́n ti súre sí, ìyá yìí kan náà já tirẹ̀ sí méjì, ó fi ìlàjì sí mi lọ́wọ́. Mo rántí gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo ti kọ́ sílẹ̀, mo ní, "A bênção, minha mãe." Ìyá mi, mo bẹ̀bẹ̀ fún ìre yín, ni. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn lọ́hùn-ún, kọ́ ọ kí o tó kọ́ "mélòó ni". Ojú rẹ̀ là. Ó súre fún mi lọ títí, mi ò gbọ́ ju "Deus", ìyẹn Ọlọ́run, lọ nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn Mísà, má sáré jáde. Gba inú ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí àgbàlá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn ẹrú sí nígbà náà. Àwòrán Anastácia wà níbẹ̀, obìnrin ẹrú tí wọ́n fi irin dì lẹ́nu. Ìjọ kò kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́, àwọn ènìyàn ni wọ́n kà á, àbẹ́là sì wà níwájú ẹ̀ nígbàkigbà. Mo tan ọ̀kan. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, wo àwọn ère dáadáa: Benedito, Efigênia, ẹni mímọ́ dúdú ni wọ́n.

Tí o bá lè sún ìrìn àjò rẹ sí ọjọ́ 4 oṣù Disẹ́ńbà, ọjọ́ Santa Bárbara ni. Rosário ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo òpópónà á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, nítorí Bárbara tí àrá wà níkàáwọ́ rẹ̀, Iansã ni fún wọn, Ọya wa yìí náà. Wọ́n á gbé ère rẹ̀ kiri títí dé ọgbà àwọn panápaná, wọ́n á sì máa pín caruru, ọbẹ̀ ilá.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ yìí ló mú mi rántí ìtìjú mi kejì. Ọjọ́ kejì tí mo dé ní ìrìn àjò àkọ́kọ́, nínú oṣù Jánúárì, ni Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń fọ Bonfim bọ́ sí. Senhor do Bonfim, ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè nísàlẹ̀ ìlú lọ́hùn-ún ni. Ọ̀gákọ̀ ọmọ ilẹ̀ Potogí kan ló gbé ère Jésù ibẹ̀ wá ní 1745, ní 1754 ni wọ́n gbé e wọ ibi tó wà yìí. Fún àwọn dúdú Bahia, Oxalá ni, Ọbàtálá wa yìí náà. Láti ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn, nǹkan bíi kìlómítà 8, àwọn obìnrin gbé ìkòkò omi olóòórùn dídùn àti òdòdó lérí, wọ́n á lọ fi wẹ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àtẹ̀gùn nìkan o. Tẹ́lẹ̀ inú ilé ni wọ́n ń fọ̀, bíṣọ́ọ̀bù àgbà kọ̀ ọ́ fún wọn ní 1889, wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn ìyá sì sọ àtẹ̀gùn di tiwọn. Gbogbo ayé wọ funfun lọ́jọ́ yẹn. Èmi, ọmọ Yorùbá, tí mo mọ̀ láti kékeré pé funfun là ń wọ̀ fún Ọbàtálá, ànkárá pupa ni mo wọ̀ lọ. Mo dà bí ata rodo nínú àwo ẹ̀kọ.

Nítorí náà, wọ funfun tó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì lo máa lọ Bonfim, ọjọ́ Oxalá ni. Wọ yàrá iṣẹ́ ìyanu tó wà nínú ẹ̀, ọwọ́, ẹsẹ̀, orí, ọmú, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi ìda ṣe tí wọ́n so rọ̀ lókè àjà, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó rí ìwòsàn ló mú èyí tó ń dùn ún tẹ́lẹ̀ wá. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ta rìbọ́ọ̀nù níta á fẹ́ so ọ̀kan mọ́ ọ lọ́wọ́ "lọ́fẹ̀ẹ́". Tí wọ́n bá so ó tán, ẹ̀gbà á jáde, owó á sì dé. Ra tìrẹ fúnra rẹ. Ojúlówó rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 47, ìwọ̀n apá ère náà. Kókó mẹ́ta, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta, o ò gbọdọ̀ gé e, òun fúnra ẹ̀ ni yóò já.

Ọ̀kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ fún ọ: ṣọ́ọ̀ṣì Barroquinha, nísàlẹ̀ òkè. Má wá ère lọ síbẹ̀, iná jó o ní 1984, ibi ìṣeré orí ìtàgé ni wọ́n sọ ọ́ dà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni àwọn obìnrin wa, ara ìran Kétu, ti dá ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Ilê Axé Iyá Nassô Oká sílẹ̀ kó tó ṣí lọ síbi tó wà lónìí. Ìyá Nàsó, oyè àwọn obìnrin tó ń bójú tó Ṣàngó láàfin Ọ̀yọ́. Mo dúró síwájú ògiri yẹn fún bí wákàtí kan, mi ò sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́: bàtà pẹlẹbẹ ni kí o wọ̀, òkúta Pelourinho á yọ ọ́ lẹ́sẹ̀, pàápàá tí òjò bá rọ̀. Bo eékún àti èjìká. Mú ṣéńjì dání, púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń gba owó ìwọlé kékeré, wọ́n sì lè tilẹ̀kùn lọ́sàn-án láti lọ jẹun. Lẹ́yìn Mísà, ilẹ̀ á ti ṣú. Bá èrò rìn, má dá gba kọ̀rọ̀, wọ takisí látorí ibi tí iná wà.

Kí o tó wọ takisí, jẹ acarajé. Àkàrà ni, epo pupa ni wọ́n fi dín in, wọ́n á là á, wọ́n á fi ọbẹ̀ ilá àti edé gbígbẹ sínú. Má ṣe bí tèmi: mo dúró níwájú obìnrin tó ń tà á, mò ń kọ́ ọ pé acarajé kọ́, "àkàrà" ni. Ó tẹ́tí gbọ́ mi tán. Ó ní òun mọ̀, ìyá òun àti ìyá ìyá òun ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Ó wá bi mí pé, "Quente?" Mo rò pé gbígbóná ló ń wí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ata ló ń bèèrè. Ó bù ú, ó wo ojú mi, ó tún bù ú lé e.