Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Ìkọ̀wé Alásomọ́ra Nínú Ilé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 7, ń kọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ́ tónítóní. Àmọ́ tí mo bá ní kó so wọ́n mọ́ra, ńṣe ló ń dà rú. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́)

Èsì: Ẹ̀yin màmá, ẹ má tẹ̀ lé a, b, d. Bí ọwọ́ ṣe ń yí ni kí ẹ fi to àwọn lẹ́tà. Kí i, u, t àti w ṣáájú. Kí a, d, g àti o tẹ̀ lé wọn, torí apá òsì ni gbogbo wọn ti ń yípo. Lẹ́yìn náà ni e, l, b, h, k àti f, tí wọ́n ní ojóbó. Kí n, m, p, y àti j wá tẹ̀ lé e. Ẹ fi r àti s sẹ́yìn, àwọn ló ń da ọmọdé láàmú jù.

Ìsopọ̀ gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́. Ìsàlẹ̀, lórí ìlà, ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń nawọ́ sí èyí tó kàn. Ti o, b àti w yàtọ̀: òkè ni tiwọn. Ọmọ tó bá fa ọwọ́ o wálẹ̀ ti sọ ọ́ di a nìyẹn, "owó" á wá dà bí "awa". Kó máa kọ owó, wọlé àti bọ́ọ̀lù títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Nínú "ewé", kí ìlà tó ti òkè w wá kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó ṣí ojóbó e. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojóbó náà á dí, e á sì jọ i tí kò ní àmì lórí. Ní ti gb, kí ìrù g dábùú ara rẹ̀ lórí ìlà, kó sì gòkè tààrà lọ di ojóbó b. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń ṣì í ṣe, tí wọ́n á gbé pẹ́ńsù sókè.

Kó parí ọ̀rọ̀ kó tó fi àmì sí i. "Ògbómọ̀ṣọ́" ní àmì ohùn 4 lókè àti àmì ìsàlẹ̀ 3. Ẹni tó bá ń dúró fi wọ́n sí lọ́kọ̀ọ̀kan ti já ìsopọ̀ náà. Kó máa fo ìlà kan pẹ̀lú, kí ìrù g, p àti y má baà gún àmì ohùn ìlà tó wà nísàlẹ̀ wọn.

Pẹ́ńsù tí wọ́n kọ 2B sí lára ló rọrùn jù fún un. Bíírò ń fẹ́ kí ọmọ tẹ̀ ẹ́. Tí ojú ìwé kejì bá ti ń lẹ́gbò, ó ń di pẹ́ńsù mú jù. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé.

Ìbéèrè: Ọwọ́ òsì ni ọmọ mi fi ń kọ̀wé. Ìyá mi ní ká gba àṣà náà lọ́wọ́ rẹ̀. (Bàbá Ìbejì, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

Èsì: Ẹ bá wa kí màmá àgbà. Kó máa fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbàlagbà, kó sì máa fi òsì kọ̀wé rẹ̀. Kí orí ìwé dà sí apá ọ̀tún, kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀ ìlà tó ń kọ, kí ìka jìnnà sí ẹnu pẹ́ńsù tó sẹ̀ǹtímítà 3. Bí iná bá lọ, apá ọ̀tún rẹ̀ ni kí ẹ gbé fìtílà sí.

Ìbéèrè: Ìkọ̀wé ọlọ́nà orí ìwé ẹ̀rí ńkọ́, èyí tó nípọn níhìn-ín, tó tín-ín-rín lọ́hùn-ún? Mi ò rí gègé rẹ̀ rà. (Olùkọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Èsì: Ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó so pẹ́ńsù méjì pọ̀, kí ẹnu méjèèjì kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnu ọ̀tún ga ju tòsì lọ ní dígírì 45 (ìdajì igun ìwé), kó má sì yí padà bí ọmọ ti ń kọ lẹ́tà lọ. Ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀tún á nípọn. Èyí tó gòkè sí ọ̀tún, ìlà méjèèjì á pàdé di ẹyọ kan. Tí wọn ò bá pàdé, ọrùn ọwọ́ ló yí.

Ẹnu méjèèjì máa ń jìnnà síra tó mìlímítà 7. Ìlọ́po 5 rẹ̀ ni gíga lẹ́tà kékeré, ìyẹn mìlímítà 35, nítorí náà kádíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ lò. Tó bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, kí àgbàlagbà gé ọparun gbígbẹ fún un, kí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ní mìlímítà 3, kó sì la àárín ẹnu náà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 1 kí yíǹkì lè máa sàn. Àwọn ọmọ ilé kéwú tó ti mọ kálámù àti tàdáwà kì í pẹ́ mọ èyí. Ẹ má lo ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o, yíǹkì á tàn ká.